Gègé Robert Livingston: bí éékà 2,600 ṣe di 160,000

Ìṣirò kan ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1683, ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Robert Livingston ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Mohican, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, létí odò Hudson, ní ibi tó wà nínú ìpínlẹ̀ New York lónìí. Ìwé tí ìjọba fún un lórí rẹ̀ ní 1684 pè é ní 2,000 éékà. Ní 1685 ó tún gba ìwé ilẹ̀ mìíràn, 600 éékà, lọ́nà jíjìn ní ìlà-oòrùn, nídìí àwọn òkè Taconic. Ẹ ro ó pọ̀: 2,600. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1686, Gómìnà Thomas Dongan fọwọ́ sí ìwé kẹta tó pa ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ó sì sọ ọ́ lórúkọ: Livingston Manor (manor ni ilẹ̀ ńlá tí onílẹ̀ ní àṣẹ lórí rẹ̀). Ilẹ̀ tó wà nínú ààlà ìwé kẹta yìí tó 160,000 éékà.

Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ìwé kẹta kàn sọ̀rọ̀ bíi pé ilẹ̀ méjèèjì fara kan ara wọn ni, ó sì fa ààlà yí àwọn méjèèjì ká. Nǹkan bíi 20 máìlì igbó, àfonífojì àti odò kéékèèké ló sì wà láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó bá jókòó sí New York, tí kò fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà rí, kò lè fi ojú ìwé nìkan mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Owó tí Livingston yóò máa san fún ọba lọ́dọọdún lórí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ṣílè 28.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ láyé amúnisìn, ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Iṣẹ́ akọ̀wé ni Livingston ń ṣe. Bí mo ṣe rí ìtàn ìdílé rẹ̀ sí, gègé ló la ọ̀nà, àwọn tí gègé náà kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ló sì ru ẹrù: ìyàwó rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, àti àwọn ẹrú tí wọ́n kà mọ́ ẹrù ilé.

Ọmọ àlùfáà ni. Ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1654 ni wọ́n bí i ní Ancrum, abúlé kan ní gúúsù Scotland tí kò jìnnà sí ààlà England. John Livingstone, bàbá rẹ̀, ló ń wàásù níbẹ̀ nínú ìjọ Presbyterian. Nígbà tí Charles Kejì gorí ìtẹ́, ìjọba ní kí àwọn àlùfáà búra fún òun. John Livingstone ní irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kò lè ti ẹnu òun jáde. Wọ́n lé e kúrò nílùú ní 1663, ó sì forí lé Rotterdam ní ilẹ̀ Netherlands. Robert kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìlú èbúté ni Rotterdam, òwò ló gbé e ró. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti mọ èdè Dutch débi pé ó ń sọ ọ́, ó ń kọ ọ́, ó sì ń fi í ṣírò owó bí ọmọ onílé. Bàbá kú ní 1672. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Robert wọkọ̀ lọ sí Massachusetts, kò sì pẹ́ tó fi kọjá sí Albany, lókè odò Hudson.

Àsìkò tó débẹ̀ ló gbè é. Àwọn Dutch ló tẹ Albany dó. England gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1664, àwọn Dutch gbà á padà ní 1673, ó sì tún bọ́ sọ́wọ́ England ní 1674. Lẹ́tà ìjọba wá di ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Dutch ni wọ́n ń sọ nínú ọjà àti nínú ilé. Awọ ẹranko tí wọ́n ń pè ní beaver, tí àwọn ẹ̀yà Iroquois ń kó wá láti inú igbó, ló ń mówó wọlé. Ta ló lè kọ ìwé tí gómìnà yóò lóye, tí oníṣòwò yóò sì fọwọ́ sí? Kò tó nǹkan tí Robert fi di akọ̀wé ìlú, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà dúnàádúrà, àti akọ̀wé Nicholas Van Rensselaer, alábòójútó Rensselaerswyck, ilẹ̀ tó tóbi jù ní gbogbo àgbègbè náà. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni. Gbèsè, ogún, àdéhùn, títa ilẹ̀, orí tábìlì rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó mọ ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé, ó sì mọ ibi tí ilẹ̀ tó dára wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè.

Van Rensselaer kú ní 1678. Ìtàn kan wà tí ìdílé náà ń sọ láti ìran dé ìran: pé nígbà tí ọ̀gá yìí ń kú lọ, ó ní kí wọ́n pe akọ̀wé wá kọ ìwé ìpíngún òun, ṣùgbọ́n bí Robert ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó figbe ta pé kí wọ́n lé e jáde, pé ọkùnrin yìí ni yóò fẹ́ opó òun. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀, bóyá àwọn ọmọ-ọmọ ló fi iyọ̀ sí i. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1679, Robert Livingston fẹ́ Alida Schuyler, opó náà.

Àna ló sọ àlejò di ọmọ ìlú. Ìdílé Schuyler wà lára àwọn tó lẹ́nu jù ní Albany. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, kò sí ẹni tí kò dé ipò: Gertruyd fẹ́ Stephanus Van Cortlandt, oníṣòwò ńlá tó ti jẹ olórí ìlú New York, Pieter ni olórí ìlú àkọ́kọ́ tí Albany ní lẹ́yìn tí ìlú náà gba ìwé àṣẹ. Pieter àti Robert ni wọ́n jọ lọ bá Dongan gba ìwé àṣẹ ìlú yẹn. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i: 22 oṣù Keje 1686, ọjọ́ kan náà tí Dongan fọwọ́ sí Livingston Manor. Iṣẹ́ ìlú ni wọ́n bá lọ. Ilẹ̀ tara ẹni bá wọn bọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ igbó di ohun ìní ní New York ìgbà náà ní ìpele. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ gómìnà kó tó lọ bá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kó ẹrù lọ, tí wọn yóò kọ ìwé títà, tí àwọn tó tà á yóò sì fi àmì ọwọ́ wọn sí i. Awọ̀nlẹ̀ ló yẹ kó tẹ̀ lé e. Ìwé gómìnà, tí èdìdì wà lára rẹ̀, ló gbẹ̀yìn. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ odò, òkúta àti igi ni wọ́n fi ń sọ ààlà, ní èdè Mohican tí akọ̀wé ń kọ bó ṣe dún létí rẹ̀. Orúkọ kan lè ní ọ̀nà ìkọ̀wé mẹ́ta nínú ìwé mẹ́ta. Bí awọ̀nlẹ̀ kò bá sì tètè dé, ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ìwé ni abẹ gé. Àwòrán ilẹ̀ Livingston Manor tí awọ̀nlẹ̀ John Beatty yà, ọdún 1714 ni, ìyẹn ọdún 28 lẹ́yìn ìwé Dongan.

Kí ni wọ́n san fún ilẹ̀ 1683? Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ìkarahun ṣe, tí wọ́n ń ná bí owó níbẹ̀, iye rẹ̀ tó 300 gúlídà, owó àwọn Dutch. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, aṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì, ìkòkò, àáké, ìbọn, ẹ̀tù àti àwọn nǹkan mìíràn bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan wà nínú ìwé náà, Tamaranachquae. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò ṣì máa gbin àgbàdo ní ẹsẹ̀ odò kékeré kan nínú ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́rin. Mo máa ń dúró níbi orúkọ yìí. Gbogbo ìwé yòókù ń sọ bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó. Òun nìkan ló sọ ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe.

Ìwé 1686 fún Livingston láṣẹ láti dá kóòtù tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, kí ó sì máa dá ẹjọ́ kéékèèké. Nígbà tí Gómìnà Robert Hunter tún ìwé náà kọ ní 1715, ó fi ìjókòó kan nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kún un: ilẹ̀ ẹnì kan wá ní aṣojú tirẹ̀. Livingston fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó sí i, ó sì di olórí ilé ìgbìmọ̀ náà láti 1718 sí 1725.

Àmọ́ ká tó débẹ̀, ó fara gbá ìṣòro púpọ̀. Nígbà tí Jacob Leisler gba ìjọba New York ní 1689, Livingston sá lọ sí Connecticut. Ní ìparí 1694 ó wọkọ̀ lọ sí London láti lọ gba owó tí ìjọba jẹ ẹ́. Ìtukọ̀ ọkọ̀ náà já lójú òkun, omi gbé wọn kiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, Potogí ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ó rí London wọ̀ ní 1695, ó sì padà pẹ̀lú owó oṣù akọ̀wé tí wọ́n ṣèlérí fún un títí ayé rẹ̀, £100 lọ́dún. Ní London yẹn náà ló ti mú William Kidd lọ bá Bellomont, ẹni tó máa tó di gómìnà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹwàá 1695 ni pé kí Kidd lọ máa mú àwọn olè ojú òkun: Bellomont àti àwọn olówó ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó ọkọ̀, Kidd àti Livingston yóò dá ìdá kan tó kù. Livingston tún ṣe onídùúró fún Kidd pẹ̀lú £10,000. Kidd fúnra rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń wá bí olè ojú òkun. Nígbà tó padà ní 1699, Livingston sáré lọ bá Bellomont ní Boston pé kó dá ìwé onídùúró òun padà fún òun. Wọ́n yẹgi fún Kidd ní London ní 1701. Livingston padà sílé, sídìí ọlọ àlìkámà rẹ̀.

Ọlọ yẹn gan-an ni ọkàn ilẹ̀ náà, Alida ló sì ń bójú tó o. Robert kì í gbélé: ó wà ní New York, ó wà ní London, ó wà níbi ìpàdé pẹ̀lú àwọn Iroquois. Èdè Dutch ni tọkọtaya náà fi ń kọ lẹ́tà síra wọn, ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà wọ̀nyí sì wà títí dòní. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kún inú wọn. Alida á sọ iye àlìkámà tí wọ́n kó wá, ìyẹ̀fun tí wọ́n kù, ọkọ̀ tó gbéra, ẹni tó jẹ gbèsè, ọjà tó tán ní ṣọ́ọ̀bù tí Robert gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ láti New York. Odò Hudson máa ń di yìnyín lásìkò òtútù, ọkọ̀ kò sì ní lè rìn títí ìgbà ìrúwé. Nítorí náà, ìyẹ̀fun tí kò bá sọ̀ kalẹ̀ kí omi tó dì yóò jókòó ti agbo ilé fún oṣù mélòó kan, gbèsè yóò sì máa lọ sókè. Ojú Alida kì í kúrò lára odò. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí fún Robert láàárín gbogbo èyí. Tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Robert nìkan ní ẹni tó dá Livingston Manor sílẹ̀, inú mi kì í dùn sí i.

Ilẹ̀ láìsí ènìyàn igbó ni. Fún ọdún mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, àwọn tó wá gbé orí ilẹ̀ náà kò tó nǹkan, nítorí ta ló fẹ́ jẹ́ àgbẹ̀ abẹ́ ẹlòmíràn nígbà tó lè rí ilẹ̀ tirẹ̀ ní Connecticut tàbí Pennsylvania? Ogun ilẹ̀ Yúróòpù ló yanjú ìṣòro yìí fún Livingston. Ní 1709, ogun àti òtútù líle lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Palatine, láti etí odò Rhine ní Jámánì, dé London. Ìjọba England rò ó pé: Sweden ni à ń ra ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ rẹ̀, owó gọbọi ni, ẹ jẹ́ ká kó àwọn aláìnílé yìí lọ sí New York, kí wọ́n máa se ọ̀dà fún wa láti ara igi páìnì, kí wọ́n fi san gbèsè oúnjẹ àti ọkọ̀ tí a fi kó wọn. Nǹkan bíi 3,000 ló wọkọ̀. Ó lé ní 400 tó kú kí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀dó tó bẹ̀rẹ̀.

Hunter ra 6,000 éékà lọ́wọ́ Livingston fún wọn ní 1710, lórí £266. Livingston kan náà ló tún gba iṣẹ́ bíbọ́ wọn: ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta búrẹ́dì lójúmọ́, yóò sì mu ìwọ̀n kúọ̀tì bíà kan. Lójú kan ni onílẹ̀ náà ti ta ilẹ̀ tí wọn yóò gbé, àlìkámà tó ti ara ilẹ̀ rẹ̀ jáde, iṣẹ́ ọlọ rẹ̀, iṣẹ́ ilé búrẹ́dì rẹ̀ àti ti ilé ìpọntí rẹ̀, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ ọba. Lord Clarendon, tó ti jẹ gómìnà New York rí, kọ̀wé ní London pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ọkùnrin yìí, nítorí ó mọ bó ṣe bọ́ àwọn ọmọ ogun ní Albany. Jean Cast, ọ̀kan nínú àwọn tí Hunter fi ṣe alábòójútó, kọ̀wé pé òun ò rí ẹran tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí, tí wọ́n sì da iyọ̀ bò tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀dà náà ní ètò. Nígbà ìrúwé, tí omi igi bá ti ń gòkè, wọn yóò bó èèpo apá àríwá igi, níwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè, nítorí apá ibẹ̀ ni oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ mú. Kí òtútù tó dé, wọn yóò bó apá gúúsù. Ìrúwé ọdún kejì, apá ìlà-oòrùn. Ìparí ọdún náà, èyí tó kù. Igi á máa rò pé ọgbẹ́ ni, á máa rọ́ oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì ni wọn yóò gé e, wọn yóò là á wẹ́wẹ́, wọn yóò tò ó jọ, wọn yóò sì fi iná jẹ́jẹ́ sun ún lábẹ́ ìbòrí títí ọ̀dà yóò fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Wọ́n bó igi tó súnmọ́ 100,000. Ọ̀dà tó jáde kò tó nǹkan rárá. Páìnì funfun ló pọ̀ jù ní àdúgbò náà, ó ga, ó dára fún òpó ọkọ̀, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ kò pọ̀. Páìnì olóje, tó gúnpá tó sì ń hù lórí ilẹ̀ yanrìn, ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, John Bridger, ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Richard Sackett tó rọ́pò rẹ̀ kò ní ìrírí tirẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1711, àwọn ará Palatine kọ̀ láti ṣiṣẹ́: ilẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n ṣèlérí fún àwọn, wọn kò wá ṣe ẹrú ọ̀dà. Hunter kó sójà dé, ó gba ìbọn wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1712, nígbà tí London kò fi owó ránṣẹ́ mọ́, Hunter sọ fún wọn pé kí oníkálukú wá oúnjẹ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òtútù ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ sí àfonífojì Schoharie. Àwọn kan dúró, wọ́n sì di àgbẹ̀ Livingston. Hunter jẹ gbèsè ńlá nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó dúró, ọlọ, ilé búrẹ́dì àti ilé ìpọntí kù sọ́wọ́ Livingston. Germantown ni wọ́n ń pe 6,000 éékà yẹn lónìí. (John Peter Zenger, tó tẹ ìwé ìròyìn tí ìjọba torí rẹ̀ pè é lẹ́jọ́ ní 1735, ọmọdé ni nígbà tó wá pẹ̀lú ọ̀wọ́ Palatine yìí.)

Ìwé àdéhùn àwọn àgbẹ̀ náà yẹ ká kà dáadáa. Ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, àgbẹ̀ kò ní san nǹkan kan, nítorí ó ń gé igbó. Lẹ́yìn náà ni ìṣákọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún: àlìkámà, tí wọ́n fi òṣùwọ̀n Dutch tó ń jẹ́ skipple wọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin búṣẹ́lì, adìyẹ sísanra mẹ́rin, àti ọjọ́ mélòó kan tí àgbẹ̀ yóò fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún onílẹ̀. Ọlọ onílẹ̀ ni yóò ti lọ àlìkámà rẹ̀. Ohun àlùmọ́ọ́nì àti odò tó lè yí ọlọ, ti onílẹ̀ ni. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́ ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, onílẹ̀ yóò kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀ nínú owó náà.

Ibi tó gún mi lọ́kàn jù ni iye ìgbà tí àdéhùn náà fi máa ń wà. Ní Rensselaerswyck, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gba ilẹ̀ títí láé bí wọ́n bá ti ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ti Livingston sábà máa ń jẹ́ ẹ̀mí méjì: wọn yóò kọ orúkọ ènìyàn méjì sínú ìwé, bóyá àgbẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, tàbí àgbẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kejì bá kú, ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ onílẹ̀, pẹ̀lú ilé tí bàbá kọ́, abà, ọgbà, àti igi ápù tó ti ń so. Ọmọ-ọmọ yóò lọ bẹ onílẹ̀ kó tún ìwé kọ, lórí iye tuntun. Ẹni tó bá mọ èyí yóò yan ọmọ tí ara rẹ̀ le jù fún orúkọ kejì. Ikọ́ ọmọdé kan lè gba oko lọ́wọ́ odindi ìdílé.

Àwọn ẹrú kò ní ìwé àdéhùn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, lẹ́nu ọlọ àti nínú ọkọ̀ ojú odò, ìwé ìpíngún sì ń pín wọn bó ṣe ń pín ẹṣin àti ṣíbí fàdákà. Lábẹ́ Philip, ọmọ Robert tó jogún ilẹ̀ náà, ìdílé yìí wọ inú òwò ẹrú fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun Livingston ń lọ bọ́ àwọn oko ìrèké ní erékùṣù Karibíánì, ọtí rọ́ọ̀mù àti ṣúgà ń padà bọ̀; ọ̀kan lára àwọn ọmọ Philip lọ fìdí kalẹ̀ ṣòwò ní Jamaica. Ní 1748, ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Rhode Island gbéra láti New York lọ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwé ìṣirò rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ń dúró ní èbúté kan sí òmíràn, wọ́n ń ra ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àti méjìméjì, wọ́n sì ń kọ àwọn tó kú sínú ọkọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó ní etíkun tiwa, láti Ouidah àti Èkó, Brazil àti Cuba ni wọ́n gbé wọn lọ. Àmọ́ irú ọwọ́ tó kọ ìwé yẹn, irú ìlà tó fà sábẹ́ iye ènìyàn, ọ̀kan náà ni ní gbogbo èbúté. Ìwà ìkà tí wọ́n fi ọwọ́ tó dára kọ sílẹ̀ kò dín kù nínú jíjẹ́ ìwà ìkà. Òfin kò fòpin sí ẹrú ní New York títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje 1827.

Alida kú ní 1727, Robert tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 1728. John, àkọ́bí tó fẹ́ ọmọ gómìnà Connecticut, ti kú ṣáájú wọn ní 1720. Margaret fẹ́ Samuel Vetch, ọmọ Scotland bíi bàbá rẹ̀, tó di gómìnà àkọ́kọ́ fún England ní Nova Scotia. Philip gba ilẹ̀ ńlá náà. Robert kékeré gba 13,000 éékà ní gúúsù, tí wọ́n wá ń pè ní Clermont. Philip ló dá ilé ìyọ́rin sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1740, ó sì sọ ibẹ̀ ní Ancram, nítorí abúlé tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀. Òkúta irin ń bọ̀ láti Salisbury ní Connecticut nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, èédú ń ti inú igbó onílẹ̀ wá, omi Roeliff Jansen Kill ló ń yí àgbá tó ń fẹ́ iná. Bí omi bá di yìnyín, ẹwìrì dákẹ́.

Orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ ni ayé mọ̀ jù. Philip ọmọ Philip fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. William, àbúrò rẹ̀, di gómìnà New Jersey lọ́dún kan náà. Robert R. Livingston ti Clermont wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ìwé òmìnira náà. Òun ló búra fún George Washington wọlé ní 1789, òun ló lọ dúnàádúrà ilẹ̀ Louisiana ní Paris ní 1803, òun ló sì fowó ti Robert Fulton lẹ́yìn, débi tí ọkọ̀ ojú omi wọn tó ń fi agbára omi híhó ṣiṣẹ́ fi rìn láti New York dé Albany ní 1807 fún wákàtí 32.

Ní àkókò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òmìnira yìí, kí ló ń lọ lórí ilẹ̀ náà? Láti àwọn ọdún 1750 ni àwọn àgbẹ̀ apá ìlà-oòrùn ti ń sọ pé Massachusetts ló ni ilẹ̀ àwọn, pé àwọn ò san mọ́. Ní 1755 àwọn tó wá mú àgbẹ̀ kan, William Rees, yìnbọn pa á. Ní 1766 nǹkan bíi 200 àgbẹ̀ wọ́ lọ sílé onílẹ̀. Ogójì ọkùnrin tó dìhámọ́ra ló tú wọn ká. Ní 1777, nígbà tí ìdílé Livingston wà lẹ́yìn Washington, ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ wọn gbé ara wọn sẹ́yìn ọba England, nítorí ìrètí pé bí ọba bá ṣẹ́gun, ilẹ̀ yóò di tiwọn. Àwọn àgbẹ̀ náà ń jà fún òmìnira tó yé wọn.

Ní 1795, Petrus Pulver àti àwọn tó lé ní 200 kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New York. Wọ́n ti ka àwọn ìwé àtijọ́ náà. 2,000 éékà níbí, 600 lọ́hùn-ún, wọ́n jìnnà síra wọn, wọn kò fara kan ara wọn. Níbo ni ìyókù ti wá? Ó tó 109 ọdún kí ìṣirò náà tó dé iwájú àwọn aṣòfin láti ọwọ́ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé e. Ilé ìgbìmọ̀ náà kò gbà á. Ó di àwọn ọdún 1840 kí àwọn àgbẹ̀ tó tún dìde káàkiri àfonífojì Hudson, tí wọ́n wọ aṣọ àrà, tí wọ́n bo ojú, tí wọ́n ń fun fèrè ìwo bí ọlọ́pàá kóòtù bá ń bọ̀. Òfin tuntun tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 1846 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ fún àgbẹ̀ ju ọdún 12 lọ, ó sì fòpin sí irú àṣẹ onílẹ̀ tí Dongan fi fún Livingston.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ ńlá náà ti pín. Olúwa kẹta (bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ni manor), Robert ọmọ Philip, kú ní 1790, ó sì pín in fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Gbèsè àti ọmọ púpọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́ títí tí kò fi sí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní olúwa níbẹ̀ mọ́. Clermont wà lọ́wọ́ ìdílé náà títí di 1962, tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbà á. Àwọn lẹ́tà Dutch tí Alida kọ ṣì wà nípamọ́. Ní Ancram, iná ilé ìyọ́rin Philip ti kú tipẹ́. Ilé iṣẹ́ tó gba ipò rẹ̀ létí omi yẹn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìwé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.